Ọ̀jọ̀gbọ́n Tó Bá Àwọn Ọmọdé Délé: Ìgbésí Ayé Olikoye Ransome-Kuti

Àwa tí à ń gbé Lọ́kọ́ja mọ ohun tí omi lè ṣe. Nígbà tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé kún àkúnya ní 2012, àti nígbà tí wọ́n tún kún ní 2022, ilé wọmi, ọ̀nà dí, ọjà bàjẹ́. Bí omi bá sì ti da ṣáláńgá pọ̀ mọ́ kànga, àwọn ọmọdé ni ìyà náà máa ń kọ́kọ́ jẹ. Ìgbẹ́ gbuuru á dé, èébì á tẹ̀ lé e, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì sì tó mọ́, ojú ọmọ á ti jìn wọnú. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìyá ló mọ ohun tí wọn yóò ṣe kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì: wọn á po omi oníyọ̀ àti ṣúgà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni wọ́n ti pò ó fún rí. Ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tó sapá kí ìmọ̀ yìí lè wọ ilé ìdáná àwọn ìyá ní Nàìjíríà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti. Ó ti di olóògbé kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa, ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ yẹ ní gbígbọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá ń wá ìmọ̀ ní yunifásítì.

Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 30, oṣù Kejìlá, ọdún 1927. Ilé àlùfáà àti ilé olùkọ́ ló ti wá. Bàbá rẹ̀ àgbà, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, ni gbogbo Ẹ̀gbá mọ̀ sí àlùfáà olórin. Ní 1922, wọ́n gba àwọn orin ìyìn tó ń kọ ní èdè Yorùbá sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní London. Bàbá rẹ̀, Àlùfáà Israel Oludotun Ransome-Kuti, jẹ́ ọ̀gá Ìjẹ̀bú-Òde Grammar School kó tó lọ di ọ̀gá Abẹ́òkúta Grammar School ní 1932, òun sì ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Nàìjíríà. Ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀, ló kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jọ láti kọ owó orí tí wọ́n fi ń ni wọ́n lára. Dolupọ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Fẹlá olórin àti Beko oníṣègùn sì ni àbúrò rẹ̀. Ọmọ tó bá dàgbà nínú irú ilé yẹn kò ní í rò pé nítorí òun nìkan ni wọ́n ṣe rán òun lọ sí ilé ìwé.

Abẹ́òkúta Grammar School tí bàbá rẹ̀ ń darí ló ti kàwé. Lẹ́yìn náà ló lọ sí Trinity College ní Dublin, ní ilẹ̀ Ireland, níbi tó ti gboyè ìṣègùn ní 1954. Ìtọ́jú àwọn ọmọdé ló yàn láàyò. Ó ṣiṣẹ́ ní Èkó, ó sì tún lọ kún ìmọ̀ rẹ̀ ní London, ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé tó wà ní Great Ormond Street. Ní 1967, ó di olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn ti Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi sọ ọ́ di olórí ẹ̀ka ìtọ́jú ọmọdé níbẹ̀, tó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n.

Nínú àwọn ìwádìí rẹ̀, ọ̀kan wà tó yẹ kó wọ àwa ará Lọ́kọ́ja létí dáadáa, nítorí Yorùbá ń gbé láàárín wa, Fúlàní darandaran náà sì ń kọjá níwájú ilé wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, òun àti Norman Kretchmer, oníṣègùn ọmọdé láti Amẹ́ríkà, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, wádìí bí ara oríṣiríṣi ẹ̀yà Nàìjíríà ṣe ń lo mílíìkì. Irú ṣúgà kan wà nínú wàrà tí ìfun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọ́ sí wẹ́wẹ́ kí ara tó lè lò ó. Wọ́n rí i pé ọmọ ọwọ́ Yorùbá ń ṣe èyí láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí wọ́n bá ti já a lẹ́nu ọmú, agbára náà ń lọ díẹ̀díẹ̀, tó fi jẹ́ pé mílíìkì máa ń da inú ọ̀pọ̀ àgbà Yorùbá rú. Ti àwọn Fúlàní tó ń da ẹran kò rí bẹ́ẹ̀. Wàrà ni wọ́n ń mu láti ìran dé ìran, agbára náà sì ń bá ọ̀pọ̀ jù lọ wọn dàgbà. Ohun tí ìwádìí náà kọ́ni ni pé oúnjẹ tó gba ara ọmọ kan lè má gba ara ọmọ mìíràn. Ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú ọmọ ní láti mọ ọmọ náà, kó sì mọ ilé tó ti wá.

Èrò kan náà ni a rí nínú iṣẹ́ tó ṣe lẹ́yìn odi ilé ìwòsàn ńlá. Wọ́n lè gba ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru sí wọ́ọ̀dù, kí wọ́n fa omi sí i lára, kí ara rẹ̀ yá, kí ìyá rẹ̀ sì gbé e lọ sílé tayọ̀tayọ̀. Ṣùgbọ́n bí omi inú ilé bá ṣì dọ̀tí, tí ẹnikẹ́ni kò sì la ìyá lóye, ọmọ náà á tún padà wá. Àwọn mìíràn kì í lè padà wá mọ́. Olikoye jẹ́ ọ̀gá Institute of Child Health ní Yunifásítì Èkó. Ní òpópónà Gbàjà ní Sùúrùlérè, wọ́n kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì láti ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn rò pé dókítà nìkan ló lè ṣe. Wọ́n ń wọn ọmọ, wọ́n ń fún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, wọ́n ń tọ́jú àìsàn tó wọ́pọ̀, wọ́n sì ń gba ìyá nímọ̀ràn nípa oúnjẹ àti ìfètòsọ́mọbíbí, lábẹ́ òrùlé kan náà.

Ní 1985, ìjọba ológun Ibrahim Babangida fi í ṣe mínísítà fún ètò ìlera, ó sì wà lórí àga náà títí di 1992. Ohun tó ti ṣe ní àdúgbò kan ló wá fẹ́ kó kárí gbogbo orílẹ̀-èdè. Ní 1978, àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé ti fẹnu kò ní Alma-Ata pé ìlera alábọ́ọ́dé, èyí tó súnmọ́ ilé, ni ìpìlẹ̀ ìlera fún gbogbo ènìyàn. Olikoye mú ọ̀rọ̀ náà lọ́kùn-únkúndùn. Ìjọba ìbílẹ̀ 52 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwòkọ́ṣe. Ní 1988, Nàìjíríà ní ìlànà ìlera tí ètò náà dúró lé. Ó polongo abẹ́rẹ́ àjẹsára, ó sì ń rọ àwọn ìyá pé kí wọ́n fún ọmọ lọ́mú dípò mílíìkì inú agolo.

Ní ti omi oníyọ̀ àti ṣúgà, àwọn olùwádìí ní Dhaka ti fi hàn ní 1968 pé bí ṣúgà bá wà nínú omi oníyọ̀ ní ìwọ̀n tó yẹ, ó ń ran ìfun lọ́wọ́ láti fa omi àti iyọ̀ sára, kódà nígbà tí ìgbẹ́ kò tíì dá. Èyí tí wọ́n fi kọ́ àwọn ìyá ní Nàìjíríà rọrùn: omi tó mọ́ tó kún ìgò mínírà méjì, ṣíbí tíì iyọ̀ kan, ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́wàá, kí ṣíbí kọ̀ọ̀kan tẹ́jú, kó má ga lórí. Lónìí, ORS inú ọ̀rá àti oògùn zinc ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń fún ọmọ, ṣùgbọ́n orí ìmọ̀ kan náà ni wọ́n dúró lé.

Iṣẹ́ náà ní ẹ̀gún nínú. Ní 1977, àwọn ọmọ ogun ya wọ ilé Fẹlá, wọ́n ju ìyá wọn láti ojú fèrèsé. Ìyá náà kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Beko kò yé bá ìjọba ológun jà, wọ́n sì tì í mọ́lé nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ́ mínísítà. Àwọn kan kò lè gbà pé ọmọ irú ìyá bẹ́ẹ̀ jókòó ti àwọn ológun. Ọ̀rọ̀ náà wúwo, kò sì yẹ kí a fò ó dá. Ohun tí a lè fi ojú rí ni iṣẹ́ tó ṣe níbẹ̀: àwọn ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára pọ̀ sí i gan-an ní àsìkò rẹ̀. Nígbà tó kúrò, ètò náà rẹ̀yìn láàárín àwọn ọdún 1990, àwọn ọmọdé ló sì jìyà rẹ̀.

Ó gba ẹ̀bùn Léon Bernard ti àjọ ìlera àgbáyé ní 1986, ó sì gba Maurice Pate ti UNICEF ní 1990. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn rántí rẹ̀ fún ohun tó ṣe ní oṣù Kẹjọ ọdún 1997. Fẹlá kú. Ní àkókò yẹn, ìdílé tí àrùn éèdì bá pa ènìyàn wọn máa ń fi bò ni. Olikoye pe àwọn oníròyìn, ó sì sọ ní gbangba pé àrùn náà ló fa ikú àbúrò òun. Òótọ́ tí ojú ń tì wá láti sọ lè gba ẹ̀mí ẹlòmíràn là. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún 2003 ni òun náà kú ní London, lẹ́ni ọdún 75.

Ẹ̀yin ará, ọ̀pọ̀ wa ló ń gbàdúrà fún ìwé ẹ̀rí tó dára, Ọlọ́run yóò sì gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká béèrè lọ́wọ́ ara wa pé ta ni ìmọ̀ wa máa bá délé. Olúwa wa gbé ọmọ kékeré sí àárín àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń jiyàn lórí ta ló ga jù. Ẹni tó ń ka ìmọ̀ ìlera, ẹni tó ń ka sosiọ́lọ́jì, ẹni tó ń ka ìṣirò pàápàá, iṣẹ́ wà fún un ní ilé ìlera alábọ́ọ́dé tó súnmọ́ ọn. Ìyá wà níbẹ̀ tí kò lè ka káàdì ọmọ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀ tó nílò ẹni tí yóò bá a kọ orúkọ sílẹ̀ ní ọjọ́ abẹ́rẹ́. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa yan ọjọ́ kan nínú oṣù fún un.

Kí Olúwa má ṣe jẹ́ kí ìmọ̀ wa parí sórí ìwé. Àmín.