Èṣùgbàyí Eléèkó: ọba tó béèrè òfin lọ́wọ́ Gómìnà

Ẹ̀yin jámáà Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù, àti ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ń ná ọjà ibẹ̀. Ní November 2022, ìjọba Ọ̀ṣun pàṣẹ kí ọba mẹ́ta kúrò láàfin, Akìrun ti Ìkìrun sì wà nínú wọn. N kò dá sí ẹjọ́ ẹnì kan. Ìtàn ọba tó ti kú tipẹ́ ni mo mú wá, ẹni tí ẹjọ́ rẹ̀ fi hàn pé àṣẹ ìjọba ní ibi tó mọ.

Èṣùgbàyí, ọmọ Ọba Dòsùnmú, gorí oyè Èkó ní 1901. Eléèkó ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Ọ̀rọ̀ àwa Mùsùlùmí wà nínú ohun tó dá ìjà òun àti ìjọba sílẹ̀. Ní 1919, nígbà tí ìyapa wà ní mọ́ṣáláṣí ńlá Èkó, ó fọwọ́ sí oyè tí a fi àwọn Mùsùlùmí kan jẹ. Ìjọba bínú sí i. Ní 1920, Herbert Macaulay mú ọ̀pá àṣẹ rẹ̀ lọ sí London, nígbà tó tẹ̀lé Amodu Tijani, Olóyè Olúwa, lọ ṣe ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá. Ọ̀rọ̀ tí Macaulay sọ níbẹ̀ dun ìjọba. Wọ́n ní kí Eléèkó rán alágogo kiri ìlú pé kò sí ọwọ́ òun níbẹ̀. Ó kọ̀. Ìjọba ní àwọn kò mọ̀ ọ́n lólórí mọ́.

Ní August 1925, wọ́n mú un, wọ́n gbé e lọ sí Ọ̀yọ́. Òfin 1917 ni Gómìnà gùn lé. Ṣùgbọ́n òfin náà ní ààlà: ẹni náà gbọ́dọ̀ jẹ́ olóyè, a gbọ́dọ̀ ti yọ ọ́, àṣà ìlú sì gbọ́dọ̀ ní kí ẹni tí a yọ fi ìlú sílẹ̀. Eléèkó ní kí kóòtù wádìí wọn. Adájọ́ kan kọ̀. Nígbà tó tọ òmíràn lọ, ìyẹn ní ọ̀rọ̀ ti parí. Ó gbé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lọ sí Privy Council ní London. Ní 1928, wọ́n dá a pé adájọ́ kejì gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu rẹ̀. Nígbà tó padà sí Èkó, wọ́n ní ọ̀rọ̀ Gómìnà tó. Ó tún lọ. Ní March 1931, Lord Atkin dájọ́ pé òṣìṣẹ́ ìjọba kankan kò lè fọwọ́ kan òmìnira tàbí dúkìá ẹni, àfi bó bá lè fi ẹsẹ̀ òfin múlẹ̀ níwájú kóòtù. Adájọ́ kò sì gbọdọ̀ fà sẹ́yìn nítorí pé ìjọba ni.

Wọ́n dá ẹjọ́ padà sí Èkó fún ìwádìí, ṣùgbọ́n Gómìnà tuntun, Sir Donald Cameron, jẹ́ kó padà wálé lọ́dún náà. Ó kú ní October 1932.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ kíyè sí i. London kò fi Eléèkó sórí oyè. Ìjọba ni wọ́n ní kó wá ṣàlàyé. Bí wọ́n bá ti ìsọ̀ yín pa, ẹ má fa igi yọ, ẹ má sì káwọ́ lérí. Ẹ béèrè pé: òfin wo ni, ta ló fún wọn láṣẹ, ṣé wọ́n sì tẹ̀lé e? A gbọ́ nínú ìtàn pé Seyyidina Ali, nígbà tó jẹ́ Halifa, dúró níwájú Alíkálì Shurayh nítorí ẹ̀wù irin ogun rẹ̀. Ẹ̀rí rẹ̀ kò pé, alíkálì dá a lẹ́bi, ó sì gbà. Kí Ọlọ́hun fún wa ní olórí tó bẹ̀rù Rẹ̀, àti adájọ́ tí kò bẹ̀rù olórí. Àmín.