King Tubby: Atúnrédíò-ṣe tó di ọ̀gá àwọn apohùn-orin

Orúkọ olórin ni ojú wa máa ń kọ́kọ́ wá lára àwo rẹ́gẹ́. Ẹni tó jókòó sídìí ẹ̀rọ, tó ń po ohùn pọ̀ títí orin náà fi gún régé, a kì í sábà bèèrè rẹ̀. Osbourne Ruddock, tí aráyé mọ̀ sí King Tubby, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ mú kí wọ́n máa bèèrè.

Ọjọ́ 28, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1941, ni wọ́n bí i nílùú Kingston, lórílẹ̀-èdè Jàmáíkà. Iṣẹ́ títún rédíò ṣe ló fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn tó ń gbé ẹ̀rọ orin ńláńlá lọ síta ijó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé tiwọn wá fún un, òun náà sì to tirẹ̀, èyí tí U-Roy máa ń dá àpárá lé orin lórí rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ Duke Reid, ní sitúdíò Treasure Isle, ni ọwọ́ rẹ̀ ti mọ iṣẹ́ ohùn dáadáa. Àwo ló ń gé níbẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1960: abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ á máa fín ohùn tó wà nínú téèpù sára àwo. Wọ́n á ní kó yọ ohùn olórin kúrò, kó ku ìlù àti gìtá, kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lóde ijó lè ráyè. Iṣẹ́ ọmọọṣẹ́ lásán ni lójú ẹlòmíì. Ruddock ní tirẹ̀ kíyè sí i pé bí ohùn bá pòórá lójijì, tó tún yọjú lójijì, etí gbogbo èèyàn ló ń nà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ó gbé sitúdíò tirẹ̀ kalẹ̀ sílé ìyá rẹ̀ ní Dromilly Avenue, ládùúgbò Waterhouse. Ibẹ̀ kò gba ẹgbẹ́ olórin, nítorí náà, ibòmíì ni wọ́n ti ń lu ìlù, wọ́n á wá gbé téèpù wá fún un. Bunny Lee ló bá a rí ẹ̀rọ ìpohùn MCI tí sitúdíò Dynamic Sounds ti lò kù, tó jẹ́ pé ìlà ohùn mẹ́rin péré ló ń gbà láti inú téèpù. Mẹ́rin yìí ló fi ṣe gbogbo àrà. Yóò gbé gìtá béèsì sókè, yóò pa ìyókù, yóò sọ ìlù kan ṣoṣo sínú ẹ̀rọ kí ó máa dún lọ dún bọ̀ bí ìgbà téèyàn kígbe lẹ́sẹ̀ òkè. Kọ́ńbù kan wà tó máa ń yí títí ohùn ńlá yóò fi fẹ́lẹ́ bí afẹ́fẹ́. Ojú ẹsẹ̀ ló ń ṣe é, bí orin ti ń lọ. Dub ni wọ́n ń pe irú orin bẹ́ẹ̀.

Kò sí ìwé tí àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀ fi kọ́ èyí. Hopeton Brown, tí wọ́n ń pè ní Scientist, ṣì jẹ́ ọ̀dọ́langba nígbà tó dé. Títún ẹ̀rọ ṣe ló kọ́kọ́ ń ṣe kó tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìpohùn, ìlànà tó dára lójú tèmi, nítorí ẹni tó mọ inú ẹ̀rọ kì í bẹ̀rù òde rẹ̀. Prince Jammy pẹ̀lú gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Lọ́dún 1985, ní sitúdíò tirẹ̀, ó gbé Under Mi Sleng Teng jáde, orin tí dùùrù oníná kékeré kan ṣe ìlù àti béèsì rẹ̀, ọjà yí padà pátápátá.

Tubby náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ sitúdíò tó tóbi ju ti àtẹ̀yìnwá lọ ni. Ní ọjọ́ 6, oṣù kejì, ọdún 1989, bó ti ń bọ̀ láti ibiṣẹ́, wọ́n yìnbọn pa á níwájú ilé rẹ̀ ní Duhaney Park. Ẹni ọdún 48 ni. Àṣírí ẹni tó pa á kò tíì tú.