Orlando Martins, Òṣèré Ará Èkó

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1903 ni àwọn ará Èkó kọ́kọ́ rí sinimá ní gbọ̀ngàn Glover. Àwòrán tí ń rìn, tí ń sáré, ṣùgbọ́n tí kò lè fọhùn ni. Orlando Martins, ẹni tí a bí ní Èkó ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 1899, kò tíì pé ọmọ ọdún 4 nígbà náà. Ta ni ìbá mọ̀ pé ìdí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà yóò ti jẹun?

Ẹ̀san ni ó gbé e dé orí òkun. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn ará Jámánì fi ìyá rẹ̀ àgbà sí àhámọ́, ọ̀rọ̀ náà sì dùn ún wọ egungun. Ní 1917 ó forí lé Lọ́ńdọ̀nù láti wọ iṣẹ́ ọkọ̀ ogun. Wọ́n ní ọjọ́ orí rẹ̀ kò tó. Ni ó bá wọ ọkọ̀ akẹ́rù. Lẹ́yìn ogun, ó tẹ̀dó sí Lọ́ńdọ̀nù, ojú rẹ̀ sì rí màbo. Ó ru ẹja ní ọjà Billingsgate, ó gbá títì, ó ṣọ́dẹ òru, ó sì fi ejò dárà láàrin àwọn aláré tí ń kó ẹranko káàkiri.

Ní àkókò náà, sinimá ti gba ìgboro kan. Eré ìfẹ́ àti ìdàlẹ̀ wà lára èyí tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn jù: atukọ̀ a bá ọmọge pàdé létí òkun, a ṣèlérí, a ṣíkọ̀, a sì gbàgbé rẹ̀. Nítorí pé àwòrán kò fọhùn, ojú àti ọwọ́ ni òṣèré fi ń sunkún, dùùrù a sì máa dún nísàlẹ̀. Bí wọ́n bá ń wá adúláwọ̀ tí yóò dúró lẹ́yìn àwọn gbajúmọ̀ òṣèré, Martins a lọ. Ó wà nínú If Youth But Knew ní 1926. A kì í sábà kọ orúkọ irú èrò ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀ sí ara àwòrán. Fíìmù ìgbà náà a sì máa tètè gbiná. Wọ́n tilẹ̀ ń yọ́ òmíràn nítorí fàdákà ara rẹ̀. Bí èyí tí ó pọ̀ jù nínú sinimá aláìfọhùn ṣe ṣègbé nìyẹn, tí ọ̀pọ̀ ojú bí ti Martins sì bá wọn lọ.

Nígbà tí sinimá fọhùn, ohùn Martins tí ó rinlẹ̀ di ọrọ̀ fún un. Ní 1935 ó bá Paul Robeson, olórin ará Amẹ́ríkà, ṣe Sanders of the River. Robeson ti rò pé eré náà yóò gbé iyì Áfíríkà yọ. Nígbà tí ó jáde, àwọn amúnisìn ni ó ń yìn. Ìdàlẹ̀ ti ojú ayé nìyí, ó sì bí Robeson nínú gidigidi. Ní 1936, àwọn méjèèjì jọ ṣeré Toussaint Louverture lórí ìtàgé, eré C. L. R. James nípa àwọn ẹrú Haiti tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gba òmìnira. Iṣẹ́ yìí níyì ju ti ọdún tí ó ṣáájú lọ.

Síbẹ̀, Blossom ni ó sọ ọ́ di olókìkí. Nínú The Hasty Heart, lórí ìtàgé ní 1945 àti nínú fíìmù ní 1949, ó ṣe ọmọ ogun adúláwọ̀ tí ó dùbúlẹ̀ ní ilé ìwòsàn ní Burma, tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ronald Reagan, tí ó di Ààrẹ Amẹ́ríkà ní 1981, wà nínú fíìmù náà. Ẹni tí ó ti lò tó ọgbọ̀n ọdún láàrin àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni a tún ní kí ó dákẹ́! Ojú àti ọwọ́ ni Martins fi ṣe é, bí ti àtijọ́; lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀.

Ó padà sí Èkó ní 1959. Nígbà tí a fi Kongi's Harvest ti Wọlé Ṣóyínká ṣe fíìmù ní 1970, ó ti di arúgbó ẹni 70 ọdún. Yunifásítì Ìbàdàn, tí ó kọjú sí Agbowó, ni Ṣóyínká ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, Fẹ́mi Johnson, oníṣòwò ìbánigbófò ní Ìbàdàn, sì wà lára àwọn òṣèré. Láàrin àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí ni Martins ti ṣeré ní ilẹ̀ baba rẹ̀. Èkó ni ó kú sí ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1985, ní ẹni 85 ọdún.