Olóògbé Jacqueline Kennedy Onassis: Obìnrin Tó Gba Téṣàn Rélùwéè Sílẹ̀

Opó Ààrẹ Kennedy ti Amẹ́ríkà ni gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n sí. Àwa tí rélùwéè kó àwọn òbí wa wá sí Òkè Ọya fẹ́ rántí iṣẹ́ rẹ̀ mìíràn.

Wọ́n bí i ní 1929. New York ló ń gbé nígbà tí ilé-iṣẹ́ tó ni téṣàn Grand Central, tí wọ́n ṣí ní 1913, fẹ́ kọ́ ilé gogoro lé e lórí. Ìjọba ìlú kọ̀, torí òfin ti dáàbò bò ó láti 1967. Ọ̀rọ̀ di ti ilé-ẹjọ́. Ní 1975 adájọ́ dá ilé-iṣẹ́ náà láre, ẹ̀rù owó gbà-máà-bínú sì ń ba ìjọba. Obìnrin yìí fọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà sí Mẹ́yọ̀ Beame, ó bẹ̀ ẹ́ kó má juwọ́ sílẹ̀. Wọ́n pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ní 1978 ó bá ọ̀pọ̀ èrò wọ rélùwéè lọ sí Washington kí ayé lè gbọ́. Ní oṣù June, adájọ́ 6 nínú 9 ní ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ gbè sẹ́yìn ìlú.

Ṣùgbọ́n ìdájọ́ kì í dí òrùlé tó ń jò. Owó àjọ ìjọba, nǹkan bíi mílíọ̀nù 200 dọ́là, ni wọ́n fi tún un ṣe, títí àwọn ìràwọ̀ tí wọ́n yà sí àjà rẹ̀ fi yọ lábẹ́ èérí. Ọdún 1998 ni wọ́n ṣe ayẹyẹ àtúnṣe náà. Olóògbé ti kú láti May 1994. Orúkọ rẹ̀ wà lára ẹnu ọ̀nà téṣàn náà kan báyìí.