Sarah Forbes Bonetta

Sarah Forbes Bonetta (tí a bí ní nǹkan bí ọdún 1843, tí ó sì di olóògbé ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ ọdún 1880) jẹ́ ọmọ Yorùbá láti ìlú Òkè-Ọ̀dàn ní ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, tí à ń pè ní Yewa lónìí, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Àìná ni orúkọ rẹ̀ kí ó tó di Sarah. Wọ́n kó o lẹ́rú ní kékeré, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi ogun kan mú un lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ọbabìnrin Victoria sì gba ẹrù ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà á tọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹbí rẹ̀ kankan nínú wọn.

Ìgbà èwe àti ìkólẹ́rú

Àìná jẹ́ orúkọ àmútọ̀runwá tí Yorùbá ń sọ ọmọbìnrin tí ó gbé ìwọ́ kọ́rùn wá sáyé. Ní ọdún 1848, àwọn ọmọ ogun Gezo, ọba Dàhòmì, kọlu Òkè-Ọ̀dàn. Wọ́n pa àwọn òbí Àìná, wọ́n sì kó òun lọ sí Abomey, olú-ìlú wọn. Ọmọ bí ọdún márùn-ún ni nígbà náà. Nínú àṣà Yorùbá, bí òbí bá kú, ìyá àgbà tàbí ẹbí mìíràn ni í gba ọmọ tọ́. Ogun tí ó fọ́ ìlú náà kò jẹ́ kí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ ṣeé ṣe fún Àìná. Nǹkan bí ọdún méjì ni ó lò ní ààfin ọba tí ó kó o lẹ́rú.

Bí ó ṣe dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ní ọdún 1850, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán Frederick Forbes, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi Bonetta, àti John Beecroft sí Gezo láti bẹ̀ ẹ́ kí ó fòpin sí òwò ẹrú. Gezo kọ̀. Ó tún fi hàn pé Abẹ́òkúta ni òun fẹ́ gbógun tì. Ní oṣù Kẹta ọdún 1851 ó gbé ogun náà lọ, ṣùgbọ́n àwọn Ẹ̀gbá ṣẹ́gun rẹ̀ lẹ́bàá odi ìlú wọn.

Kí Forbes tó kúrò ní Abomey, ọba fún un ní ẹ̀bùn. Aṣọ, ọtí àti owó ẹyọ wà níbẹ̀, Àìná náà sì wà níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn fún Ọbabìnrin Victoria. Forbes gbà á nítorí ó gbàgbọ́ pé, bí òun bá kọ̀, wọn yóò pa ọmọ náà níbi ètùtù ọba. Nítorí pé wọn kò tà á fún àwọn olówò ẹrú ni Forbes ṣe sọ pé ọmọ ẹni ńlá ni. Láti inú èrò rẹ̀ yìí ni orúkọ ọmọba tí wọ́n ń pe Àìná nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti wá.

Àgbádárìgì ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún un. Wọ́n sọ ọ́ ní Sarah, wọ́n fi orúkọ Forbes kún un, wọ́n sì fi orúkọ ọkọ̀ rẹ̀ parí rẹ̀.

Àwọn tí ó gbà á tọ́

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá ọdún 1850, Forbes mú un dé ọ̀dọ̀ Ọbabìnrin ní ààfin Windsor. Ọbabìnrin gbà láti máa san owó ìtọ́jú rẹ̀, ó sì ń gbé lọ́dọ̀ ẹbí Forbes. Forbes kú ní ọdún 1851. Ikọ́ tún ń yọ ọmọ náà lẹ́nu, àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀ sì rò pé ojú ọjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò bá a lára mu. Nítorí náà ni wọ́n ṣe rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin tí ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS dá sílẹ̀ ní Freetown, Sierra Leone.

Ní ọdún 1855, Ọbabìnrin ní kí wọ́n dá a padà. Ilé Àlùfáà James Frederick Schön, ní agbègbè Chatham, ni ó wọ̀ sí. Schön jẹ́ onímọ̀ èdè Hausa tí ó ti bá Samuel Ajayi Crowther rin ìrìn àjò odò Ọya ní ọdún 1841. Nínú àwọn lẹ́tà rẹ̀, Sarah ń pe ìyàwó Schön ní ìyá.

Ìgbéyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀

James Pinson Labulo Davies, oníṣòwò Sàró tí ó ń gbé ní Èkó, tí àwọn òbí rẹ̀ sì jẹ́ Yorùbá tí a gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ òwò ẹrú, wá fẹ́ ẹ. Sarah kọ́kọ́ kọ̀. Ó kọ̀wé sí ìyàwó Schön pé òun kò ní ìfẹ́ Davies, àti pé òun kò ní fi ìfọ̀kànbalẹ̀ òun ra owó. Lẹ́yìn èyí, wọ́n mú un lọ sí ìlú Brighton kí ó máa gbé lọ́dọ̀ àwọn àgbàlagbà obìnrin kan. Nígbẹ̀yìn, ó gbà. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 1862, wọ́n ṣe ìgbéyàwó wọn ní ìlú náà, ní ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas. Nínú ìwé ìgbéyàwó náà, Ina ni ó ṣáájú orúkọ rẹ̀ yòókù.

Tọkọtaya náà padà sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n sì fìdí kalẹ̀ sí Èkó. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí: Victoria ní ọdún 1863, Arthur ní ọdún 1871 àti Stella ní ọdún 1873. Ọbabìnrin gbà láti jẹ́ ìyá ìsàmì fún Victoria, ó sì fi ife wúrà ránṣẹ́ sí i. Sarah mú ọmọ náà lọ rí i ní ọdún 1867.

Ikú rẹ̀ àti ogún tí ó fi sílẹ̀

Ikọ́ ẹ̀gbẹ ṣe Sarah, ó sì lọ sí erékùṣù Madeira fún ìtọ́jú. Ibẹ̀ ni ó kú sí, ní ìlú Funchal, nígbà tí ó wà ní ọmọ bí ọdún 37. Ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí. Ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ Victoria gbọ́ ìròyìn náà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó lọ sí ọ̀dọ̀ Ọbabìnrin, tí ó tù ú nínú, tí ó sì gba ìtọ́jú rẹ̀ bí ó ti gba ti ìyá rẹ̀. Davies gbé òkúta ìrántí kalẹ̀ fún aya rẹ̀ ní Ìjọ̀n, oko rẹ̀ ní agbègbè Agége, níbi tí ó ti gbin kòkó.

Stella bí ọmọbìnrin kan fún Herbert Macaulay, ọmọ-ọmọ Crowther, wọ́n sì sọ ọ́ ní Sarah Abigail Idowu. Láti ìlà yìí ni Dókítà Ameyo Stella Adadevoh ti wá, ẹni tí ó kọ̀ láti jẹ́ kí aláìsàn Ebola àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà kúrò ní ilé ìwòsàn ní Èkó, tí ó sì kú nípa àrùn náà ní ọdún 2014.