Burle Marx: Ọkùnrin Tó Rí Igbó Ilé Rẹ̀ ní Òkèèrè

Nígbà tí mo wọ ẹ̀ka Bọ́tánì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi bi mí bóyá koríko ni mo fẹ́ lọ kà ní yunifásítì. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Mi ò rí èsì fún wọn, ó sì dùn mí débi pé mo ro ó láti yí ẹ̀ka padà. Ọdún kejì ni mo kọ́kọ́ gbọ́ nípa Roberto Burle Marx.

São Paulo ní Brazil ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ, ọdún 1909. Ọmọ Jámánì ni bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Brazil, ó ń tẹ dùùrù, ó sì fẹ́ràn òdòdó. Rio de Janeiro ló dàgbà sí. Láyé ìgbà náà, bí olówó Brazil bá fẹ́ ṣe ọgbà, òdòdó Yúróòpù bíi róòsì ni yóò gbìn. Àwọn ewéko eléwé ńlá tó wà nínú igbó wọn, wọ́n kàn ń ṣán an dànù ni.

Ní 1928, ìdílé rẹ̀ lọ gbé Jámánì fúngbà díẹ̀. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà tó wọ ọgbà ewéko Dahlem ní Berlin. Inú ilé onígíláàsì, níbi tí wọ́n ti ń dáná kí òtútù má baà pa wọ́n, ló ti rí ewéko Brazil tí wọ́n ń kẹ́ bí ọmọ tuntun. Ó ní láti sọdá òkun kó tó rí ohun tó wà lẹ́yìnkùlé wọn.

Ó padà sílé, ó kọ́ iṣẹ́ ọnà. Ní 1934 wọ́n fi í ṣe olórí àwọn ọgbà ìlú ní Recife, ó sì kó ewéko inú omi Amasónì àti àwọn ẹlẹ́gùn-ún ilẹ̀ gbígbẹ wá sáàárín ìgboro. Àwọn kan bínú, wọ́n ní ó fẹ́ sọ ìlú di igbó. (Ẹ ò rí i pé ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò dá wà.)

Kì í ṣe ọmọ Bọ́tánì o! Mello Barreto, onímọ̀ ewéko, ló ń bá a rìn, tó sì ń kọ́ ọ. Ní 1949, òun àti ọmọ ìyá rẹ̀ Siegfried ra oko kan ní Guaratiba, nítòsí Rio. Ibẹ̀ ló ń kó ohun tó bá rí nínú igbó sí. Ó fẹ́ràn Philodendron gan-an. Ẹbí kan náà ni òun àti kókò tí à ń jẹ, ẹ wo ewé rẹ̀, ẹ ó mọ̀. Nínú igbó, abẹ́ ibòji ni púpọ̀ nínú wọn ń gbé, wọ́n á di igi mú, wọ́n á máa gùn ún lọ síbi ìmọ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi kọ́ àtíbàbà fún wọn. Èmi pa ọ̀kan nínú yàrá mi ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Àràárọ̀ ni mò ń bomi rin ín títí gbòǹgbò rẹ̀ fi rà. Gbòǹgbò tó ti mọ afẹ́fẹ́ lára igi kò lè mí nínú ẹrẹ̀.

Ayàwòrán ni, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe ń gbìn: irú kan ṣoṣo lọ rẹrẹ, òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí ọ̀dà lórí aṣọ. Òun náà ló ṣe ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ Copacabana tí gbogbo ayé mọ̀, ṣùgbọ́n oko yẹn ló wù mí jù. Irú ewéko ibẹ̀ lé ní 3,500, a sì rí èyí tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, Philodendron burle-marxii. Ó ń rí i bí igbó tó ti kó wọn ṣe ń tán, ó sì pariwo lórí rẹ̀. Ní 1985 ó fi oko náà ta ìjọba lọ́rẹ. Ó kú ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà, 1994. Ní 2021, UNESCO kọ ibẹ̀ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé.

Nígbà ìsinmi tó kọjá, mo rí ewé kan tó fẹ̀ bí àtẹ lẹ́yìn balùwẹ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Mo bi wọ́n lórúkọ rẹ̀. Wọ́n dá a lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, wọ́n sì sọ ohun tí ìyá wọn máa ń fi í ṣe. Mo ní kí wọ́n tún un sọ, mo mú bírò, mo kọ ọ́ sílẹ̀.