Abdou Moumouni Dioffo: Onímọ̀ Tó Gbé Ìmọ̀ Rẹ̀ Padà Wálé

 

Ẹ̀yin ọmọ kéwú wa, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin jàmáà mọ́sálásí, ọmọ kan nínú kíláàsì wa níbí ní Ìgbẹsà bi wá ní ìbéèrè lọ́jọ́ kan tí wọ́n mú iná lọ tí ooru sì mú. Ó ní ṣé a rí ẹnìkan rí ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú, tó ń jẹ́ irú orúkọ tiwa, tó kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì débi gíga, tó sì padà wá fi ṣe ohun tí ará ilé rẹ̀ lè fojú rí. A sọ fún un pé ó wà. Ìtàn ẹni náà nìyí.

Wọ́n bí Abdou Moumouni Dioffo ní ọjọ́ 26, oṣù kẹfà, ọdún 1929, ní ìlú Tessaoua ní orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀, tó bá Nàìjíríà pààlà lápá òkè. Orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Abdul-Mumini tí a ń sọ àwọn ọmọ wa náà ni, ọ̀nà tí àwọn Faransé gbà kọ ọ́ ló yàtọ̀. Faransé ló ń ṣèjọba lé wọn lórí nígbà náà, ilé-ìwé kò sì pọ̀. Àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn jí pépé ni wọ́n ń ṣà lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ William Ponty ní Sẹ̀nẹ̀gà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ àti akọ̀wé. Abdou Moumouni wà lára wọn. Láti ibẹ̀ ó kàwé ní Dákà, lẹ́yìn náà ó rékọjá òkun lọ sí Páríìsì.

Físíìsì ló kọ́ níbẹ̀, ìyẹn ìmọ̀ nípa ooru, ìmọ́lẹ̀, iná àti agbára tí Ọlọ́run fi sínú ẹ̀dá gbogbo. Ní ọdún 1956 ó yege nínú ìdánwò tí Faransé fi ń yan àwọn olùkọ́ àgbà rẹ̀. Nínú gbogbo ọmọ aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Áfíríkà tí Faransé ń ṣàkóso, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó yege rẹ̀ nínú ìmọ̀ físíìsì. Kò sì ti ojú bọ ìwé kó gbàgbé ilé, nítorí ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó kóra jọ láti bèèrè òmìnira fún Áfíríkà.

Ẹni tó ní irú ìwé ẹ̀rí yẹn lè jókòó sí Páríìsì kó máa jẹun rẹ̀ jẹ́ẹ́. Abdou Moumouni padà. Nígbà tí orílẹ̀-èdè Gínì gba òmìnira ní ọdún 1958, tí àwọn olùkọ́ Faransé sì ń di ẹrù wọn, ó wà lára àwọn ọmọ Áfíríkà tó lọ kọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀ níwèé. Lẹ́yìn náà ó lọ sí Mọ́sìkò láti ṣe ìwádìí lórí agbára oòrùn. Ní ọdún 1964 ìwé rẹ̀ lórí ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Áfíríkà jáde. Nínú rẹ̀ ó tú àṣírí ẹ̀kọ́ tí àwọn òyìnbó fi sílẹ̀ pé akọ̀wé ìjọba ló ń pèsè ju onímọ̀ lọ, ó sì rọ àwọn ìjọba wa pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ. Ó ṣiṣẹ́ ní Bàmákò ní ilẹ̀ Málì, kí ó tó padà sí Nìjẹ̀ ní ọdún 1969 láti darí ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí agbára oòrùn, tí wọ́n ń pè ní ONERSOL.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ síbí. Nìjẹ̀ kò ní igi ìdáná púpọ̀, aṣálẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Nígbà náà, epo bẹntiróòlù ń ti òkèèrè wá, ó sì wọ́n. Ohun tí wọ́n ní lọ́pọ̀ ni oòrùn. Ilé-iṣẹ́ Abdou Moumouni ṣe ẹ̀rọ tí ń fi oòrùn mú omi gbóná. Bí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le láti yé ọmọdé. Wọn á kun irin pẹlẹbẹ ní dúdú, nítorí ohun dúdú máa ń fa ooru mọ́ra. Wọn á so páìpù omi mọ́ ọn. Wọn á fi gíláàsì bò ó kí ooru má lè jáde. Omi tó bá gbóná á fúyẹ́, á gòkè lọ sínú táǹkì fúnra rẹ̀, omi tútù á sì sọ̀kalẹ̀ wá rọ́pò rẹ̀. Kò gba epo, kò gba igi. Wọ́n tún ṣe ìwádìí lórí ẹ̀rọ tí oòrùn yóò máa fi fa omi láti inú kànga.

Ní àkókò yẹn kan náà, láti ọdún 1971, wọ́n ń wa yùréníọ̀mù ní Arlit ní ilẹ̀ Nìjẹ̀. Òun ni òkúta tí a fi ń ṣe agbára átọ́ọ̀mù. Ó ń lọ sí Faransé láti tan iná níbẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ abúlé Nìjẹ̀ ń tan àtùpà. Láti ọdún 1976, iná mànàmáná tiwa láti Nàìjíríà ni Niamey, olú-ìlú wọn, ń lò jù. Abdou Moumouni rí i pé ẹni tó ń fi iná ẹlòmíràn ríran, òkùnkùn lè bá a nígbàkúùgbà.

Láti ọdún 1979 sí 1982 ó jẹ́ ọ̀gá àgbà yunifásítì Niamey. Síbẹ̀ kò fi kíláàsì sílẹ̀, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì. Gbogbo ohun tó lá lálàá kọ́ ló ṣẹ. Owó kò tó, ẹ̀rọ oòrùn ìgbà náà wọ́n, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì lè rà á. Ó jáde láyé ní ọjọ́ 7, oṣù kẹrin, ọdún 1991, ó jẹ́ ẹni ọdún 61. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ yunifásítì náà.

Ní ọdún 2023, lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba ní Nìjẹ̀, Nàìjíríà gé iná wọn, Niamey sì wọ òkùnkùn. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà ni ilé-iṣẹ́ iná oòrùn ńlá kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Gorou Banda nítòsí ìlú náà. Ohun tí ọkùnrin yìí ń sọ fún wọn láti ọdún 1969 ni ojú wọn wá rí.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má sọ fún ọmọ yín mọ́ pé kéwú àti sáyẹ́ǹsì kò lè gbé inú ọpọlọ kan. Amánà ni ìmọ̀, a ó sì jíhìn rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ wa, oòrùn tó ń jó páànù ilé-ẹ̀kọ́ wa yìí náà ló ń ràn ní Niamey. Ẹ kàwé dé ibi tí agbára yín bá mọ, ṣùgbọ́n ẹ rántí ọ̀nà ilé.

Kí Ọlọ́run Ọba fi ìmọ̀ tó ń ṣe ọmọ ènìyàn ní àǹfààní kẹ́ wa. Àmín.